Ṣé Sóyà Lè Gba Ipò Ọmú? Ìbéèrè Ìyá Ọlọ́mọ Kan ní Ṣakí

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, oòrùn Òkè-Ògùn sì ń mú hanhan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan ní Ṣakí, ìyá ọlọ́mọ kan to ìgò mílíìkì sóyà sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Ó pọn ọmọ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ra ìgò kan, mo jókòó sórí àga tó sún sí mi, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìlera ni mo máa ń kọ, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Tí n bá ń fún ọmọ yìí nínú nǹkan tí mò ń tà yìí, ṣé ó burú? Wọ́n ní ó ní purotéènì dáadáa. Agbára wa ò ká ti inú agolo mọ́."

Mo ní kó má fún un. Ó tún bi mí pé: "Ṣebí sóyà náà ni wọ́n fi ń ṣe mílíìkì ọmọ kan lókè òkun?"

Òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè kejì yìí ló gbé mi débi àpilẹ̀kọ yìí, torí pé ẹni tó bá dáhùn ti àkọ́kọ́ láìdáhùn èkejì kàn pàṣẹ fún ìyá ọmọ ni, kò là á lóye. Ìyá tí a kò là lóye, ọjọ́ tí ọmọ bá sunkún lóru tí agolo sì ti tán, yóò ṣe ohun tó bá wá sí i lọ́kàn.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, títí dé Ìgbòho àti Kíṣí, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn, sóyà náà sì ti wọ àárín wọn. Àwọn Fúlàní darandaran ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àwọn obìnrin wọn a máa gbé wàrà tí wọ́n fi ewé bomubomu mú dì wá sí ọjà láti gáà. Lóde òní, wàrà sóyà tí wọ́n dín ń jókòó ti wàrà màlúù lórí àtẹ, mílíìkì sóyà sì wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Oúnjẹ gidi ni fún àgbà àti fún ọmọ tó ti ń sáré kiri. Ìjọra orúkọ ni wàhálà. Mílíìkì la pe èyí tó ti ọmú màlúù jáde, mílíìkì náà la pe èyí tí a fi asẹ́ sẹ́ lára ẹ̀wà. Inú ọmọ ò sì mọ orúkọ.

Sóyà kì í ṣe àlejò àná nílẹ̀ wa. Ní 1908 ni wọ́n ti gbìn ín wò ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ràn nígbà náà. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1909, dókítà ọmọdé kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, John Ruhräh, kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi sóyà bọ́ ìkókó. Kí ọdún 1930 tó dé, wọ́n ti ń rọ mílíìkì sóyà ti ìkókó sínú agolo tà. Nítorí náà, ohun tí ìyá Ṣakí gbọ́ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ ni wọ́n ti kọ́ ohun tó kù nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, gẹ̀gẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́rùn àwọn ìkókó kan tó ń mu mílíìkì sóyà nìkan. Áyódíìnì ni kò tó wọn. Sóyà fúnra rẹ̀ tún ń fa ìwọ̀nba tó wà lára wọn dànù. Wọ́n fi áyódíìnì kún un, ìyẹn sì rọlẹ̀. Ní 1978 sí 1979, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà dín iyọ̀ inú mílíìkì sóyà rẹ̀ kù, kílóráìdì tí ara ń rí nínú iyọ̀ kò tó mọ́, àwọn ọmọ tó ń mu ún kò fẹ́ jẹun mọ́, wọn kò sì dàgbà bó ṣe yẹ. Wàhálà yẹn ló bí òfin mílíìkì ìkókó tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 1980. Síbẹ̀, ní 2003, ní Ísírẹ́lì, mílíìkì sóyà kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì bọ́ sọ́jà láìsí fítámíìnì B1 tó yẹ nínú rẹ̀. Àwọn ìkókó kú. Nínú àwọn tó yè, àwọn kan ò bọ́ nínú àrùn ọpọlọ tó tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì yìí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ilé iṣẹ́ ńlá ni, ó ní àwọn onímọ̀, ó ní ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan tí ojú ò lè rí, fítámíìnì kan ṣoṣo ló sì yọ̀ bọ́. Àgbà tí kò rí ẹran jẹ lónìí lè jẹ ẹyin lọ́la, ó lè já èso lóko, ó lè fi edé sọ́bẹ̀. Ìkókó ò ní ọ̀la bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ń wọ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru, fún odindi oṣù mẹ́fà. Ohunkóhun tó bá kù nínú ohun kan náà ti kù lára ọmọ nìyẹn, kò síbi tí yóò ti rí i.

Kí ló wá wà nínú agolo mílíìkì sóyà ti ìkókó tí kò sí nínú ìgò Ṣakí? Wọ́n yọ purotéènì sóyà sọ́tọ̀ ni. Wọ́n fi èròjà kan tó ń jẹ́ methionine kún un, nítorí pé ìyẹn ló kéré jù nínú sóyà. Wọ́n pò ó mọ́ òróró oríṣiríṣi, mọ́ ṣúgà tí ìfun ọmọ lè lò, mọ́ kálísíọ̀mù, áyọ́ọ̀nù, síńkì àti áyódíìnì, àti fítámíìnì lọ́kan-ò-jọ̀kan títí kan B12, èyí tí ẹ̀wà ò ní. Gbogbo rẹ̀ ló ní òṣùwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kéré jù, tí kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ìyá Ṣakí ńkọ́? Ó rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ó bó èèpo rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sẹ́ ẹ, ó sè é, ó fi ṣúgà àti atalẹ̀ sí i. Ohun tó ṣe mọ́, ó sì dùn. Kò fìgbà kan sọ pé oúnjẹ ìkókó lòun ń tà.

Purotéènì tí wọ́n sọ fún un náà kì í ṣe irọ́. Nínú mìlílítà 100 mílíìkì sóyà, purotéènì lè tó nǹkan bíi gíráàmù 3. Nínú omi ọmú, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 1 lọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé sóyà ló borí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ọmọ màlúù ń dìde rìn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kíákíá ló sì ń tóbi, ìdí nìyẹn tí mílíìkì ìyá rẹ̀ fi ní purotéènì púpọ̀. Ọmọ èèyàn ń rọra dàgbà. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń yára, ọ̀rá inú omi ọmú ló sì ń gbọ́ bùkátà ọpọlọ yẹn. Ọ̀rá inú mílíìkì sóyà kò ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Kíndìnrín ìkókó ò tíì gbó láti máa da àpọ̀jù purotéènì nù. Yàtọ̀ sí èyí, sóyà tí kò jinná dáadáa ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ara lo purotéènì rẹ̀. Òmíràn sì wà, phytate, tó ń di síńkì àti áyọ́ọ̀nù mú tí iná ò sì fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe nǹkan kan sí i. Bákan náà lọ̀rọ̀ omi ọ̀fíò àti omi ìrẹsì rí, àní tiwọn tún burú jù, nítorí pé purotéènì inú wọn kò tó nǹkan.

Ní 2001, àwọn dókítà ní Atlanta ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ọmọ méjì. Àwọn òbí ọ̀kan ń fún un ní ohun mímu tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, èkejì ń mu ohun mímu sóyà tí kì í ṣe ti ìkókó. Ti ìrẹsì, kwashiorkor ló mú un, ní ìlú tí oúnjẹ kún ilé ìtajà dé òrùlé. Ti sóyà, egungun rẹ̀ rọ̀. Kì í ṣe àìlówó ló fa èyí. Àwọn òbí wọn rò pé ohun tó dára jù ni àwọn ń ṣe fọ́mọ.

Orúkọ àìsàn yẹn, kwashiorkor, ilé wa níhìn-ín ló ti jáde. Èdè Gã ni. Cicely Williams, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, ló gbé e sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní 1935. Àwọn ìyá níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún un: àìsàn tó ń mú ọmọ tí àbúrò rẹ̀ dé, tí wọ́n sì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwa tí a wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò nílò kí ẹnikẹ́ni láti òkèèrè wá sọ fún wa bí oúnjẹ oko nìkan ṣe máa ń rí lára ọmọ kékeré. A ti rí i, a ti sin ín, a ti sọ ọ́ lórúkọ. Ní Jọ́s, níbi tí oòrùn ti ń ràn lójoojúmọ́, ìwádìí tó jáde ní 1999 fi hàn pé àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ kì í jẹ ju nǹkan bíi mílígíráàmù 200 kálísíọ̀mù lọ lóòjọ́. Ọkà ni wọ́n ń jẹ, mílíìkì ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú oúnjẹ wọn. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní kálísíọ̀mù, egungun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í san.

Ẹnìkan lè wá ní: ṣebí ara Yorùbá kì í gba mílíìkì? Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, ó sì ní ìdí. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé l'Ékòó tó wá di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí onírúurú ẹ̀yà ní Nàìjíríà ṣe ń lo ṣúgà inú mílíìkì. Àgbà Yorùbá tí inú rẹ̀ lè lò ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Àwọn Fúlàní tó ń da ẹran, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè lò ó. Ẹ wo bó ṣe wà ní kedere ní Òkè-Ògùn: gáà àti abúlé Yorùbá tí wọ́n jọ ń pín ọjà kan, ìfun wọn yàtọ̀ síra. Ìdí nìyẹn tí àgbà kan á mu ife mílíìkì kan, tí inú rẹ̀ á máa kùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àgbà ni ìwádìí yẹn ń bá wí. Gbogbo ìkókó, Yorùbá tàbí Fúlàní, ni a bí mọ́ agbára láti lo ṣúgà yìí, ṣúgà náà ló sì pọ̀ jù nínú omi ọmú ìyá wa, nǹkan bíi gíráàmù 7 nínú mìlílítà 100. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ bá ti ń já lẹ́nu ọmú ni agbára yẹn máa ń rọlẹ̀ lára wa. Ìyá tí inú rẹ̀ kọ mílíìkì kò gbọ́dọ̀ tìtorí ara tirẹ̀ fi sóyà bọ́ ọmọ oṣù méjì.

Ta wá ni mílíìkì sóyà inú agolo wà fún? Àwọn ọmọ kan wà. Àìsàn àbímọ́ni kan wà tó ń jẹ́ galactosemia, tó ṣọ̀wọ́n gan-an, tí ọmú ìyá gan-an fi ń di májèlé fún ọmọ; sóyà ló ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ni a bí láìní agbára láti lo ṣúgà mílíìkì rárá. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbà ní 2008 pé ó bójú mu fún àwọn wọ̀nyí, àti fún ọmọ tó pé oṣù kí wọ́n tó bí i tí àwọn òbí rẹ̀ kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí. Wọ́n ní kò yẹ fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ní Yúróòpù ọwọ́ wọn le díẹ̀ sí i. Bí ara ọmọ bá kọ mílíìkì màlúù, wọn kì í fẹ́ kí a fi sóyà ṣe àkọ́kọ́ kó tó pé oṣù mẹ́fà, ní Bìrìtéènì sì rèé, dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ pé kí a lò ó.

Ohun kan tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni èròjà inú sóyà tó jọ họ́mọ́ọ̀nù obìnrin. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan wá àwọn àgbà 811 tí wọ́n ti wà nínú ìwádìí kan láti ìkókó rí, lára wọn ni àwọn tí wọ́n fi mílíìkì sóyà tọ́. Ìyàtọ̀ ńlá kan ò sí láàárín wọn àti àwọn tí wọ́n fi ti màlúù tọ́, bóyá ní ìdàgbàsókè ni o tàbí ní ọmọ bíbí. Nítorí náà n kò ní pe mílíìkì sóyà ti ìkókó ní májèlé. Bí oògùn ni mo ṣe ń wò ó: ó ní ẹni tó tọ́ sí, dókítà ló sì yẹ kó júwe rẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní Ṣakí, tí ara rẹ̀ le, tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, kò sí lára wọn.

Bí a bá sì pe orí ajá, ká pe orí ìkòkò tí a fi sè é. Àtíkè agolo, yálà ti sóyà tàbí ti màlúù, ó nílò omi tó gbóná dé ìwọ̀n 70 kí kòkòrò inú rẹ̀ tó kú. Ó nílò ìgò tí a sè, ó nílò kí a ka síbí rẹ̀ láìdín. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Òkè-Ògùn, tí kànga ń fà sẹ́yìn tí obìnrin ń tò sídìí ẹ̀rọ omi látàárọ̀, ta ni yóò rí gbogbo èyí ṣe nígbà mẹ́jọ lóòjọ́? Nígbà tí owó bá sì tán, síbí mẹ́ta á di méjì, méjì á di ọ̀kan, omi tó funfun ni ọmọ á máa mu. Nàìjíríà ti ṣe òfin láti 1990 tó de ìpolówó ohun tí a fi ń rọ́pò ọmú, àjọ NAFDAC ló sì ń mójú tó o. Àmọ́ kò sí òfin tó lè dáwọ́ ìyá dúró lóru bí kò bá lóye.

Ìyá Ṣakí fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ìyá ọkọ òun ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, pé ooru yìí pọ̀ fún ọmú lásán. Àìmọye ìyá àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ló sì ń mú wọn sọ ọ́. Omi ló kó nǹkan bíi 88 nínú ọgọ́rùn-ún omi ọmú. Ọmọ tó ń mu ún nígbàkúùgbà tó bá béèrè ti mu omi rẹ̀ mọ́ oúnjẹ. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Omi, àgbo àti omi ẹ̀kọ ló ń gba àyè ọmú lẹ́nu àwọn yòókù.

Mo bi ìyá Ṣakí bóyá ọmọ rẹ̀ ń tọ̀. Ó ní ó ń tọ̀ dáadáa, pé òun ń fọ aṣọ títí ó fi sú òun. Mo bi í léèrè káàdì ìwọ̀n ọmọ. Ó yọ ọ́ nínú báàgì: ìlà ìwọ̀n ọmọ náà ń gòkè lóṣooṣù. Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí Iléṣà, ni David Morley, dókítà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, ti ṣe irú káàdì yìí ní àwọn ọdún 1950, kí ìyá tí kò kàwé pàápàá lè rí ìlà kó mọ̀ bóyá ọmọ òun ń lọ síwájú. Gbogbo ayé ló gbà á lò lẹ́yìn náà. Káàdì rẹ̀ ti dá a lóhùn kí n tó débẹ̀: ọmú rẹ̀ tó.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú ńkọ́? Tirẹ̀ nira, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Bí obìnrin kan nínú ẹbí bá ń fún ọmọ lọ́mú, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ara rẹ̀ mọ́, òun ni àkọ́kọ́. Bí kò bá sí, agolo tí wọ́n kọ ọ́ sí lára gbangba pé ti ìkókó ni láti ọjọ́ tí a bí i, kí gbogbo ẹbí sì dáwó jọ rà á. Mílíìkì tútù láti gáà kò lè ṣe é, mílíìkì sóyà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò sì lè ṣe é.

Sóyà ní àsìkò tirẹ̀, àsìkò náà ò sì jìnnà. Láti oṣù kẹfà, omi ọmú nìkan kò lè tó ọmọ mọ́, ẹ̀kọ tó ń ṣàn bí omi tí a ti ń fún wọn láti ayébáyé kò sì lè dí àlàfo náà, torí pé bí a ṣe ń rẹ àgbàdo tí a ń sẹ́ ògì là ń da lára purotéènì rẹ̀ nù mọ́ èérí. Ní Oshodi, ní ilé ìwádìí ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀, Akinrele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí èyí ní nǹkan bí 1970: wọ́n pa sóyà pọ̀ mọ́ àgbàdo, wọ́n pè é ní soy-ogi. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Èyí tí àgbàdo ò ní nínú purotéènì, sóyà ní in. Èyí tó kéré lára sóyà, ó wà lára àgbàdo. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, náà ń kọ́ àwọn obìnrin ní bí wọ́n ṣe lè fi sóyà sí oúnjẹ ilé: ògì, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ọbẹ̀, irú pàápàá.

Mo kọ́ ìyá Ṣakí bó ṣe lè ṣe ògì sóyà yìí. Kó se sóyà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó fọwọ́ bó èèpo rẹ̀ dànù, kó wọn àgbàdo méje sí sóyà mẹ́ta, kó lọ̀ wọ́n pọ̀. Kó jẹ́ kí ẹ̀kọ náà ki tó fi lè dúró lórí síbí. Kó kán epo pupa sí i, kó fi edé lílọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ tàbí ẹyin sí i, nítorí B12 tí oko ò lè fún wa. Kí ọmú má sì dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì. Kó tó di ìgbà náà, kí òun fúnra rẹ̀ máa mu mílíìkì sóyà tó ń tà, kó gba ọ̀nà ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ó rẹ́rìn-ín sí èyí, ó sì ṣí ìgò kan. Ó wá ń ka oṣù lórí ìka: Igbe, Èbìbì, Òkúdù. Ó ní ní Òkúdù àgbàdo tuntun ti ń bọ̀ lóko, ṣùgbọ́n sóyà tuntun ò ní tíì dé, ti ìkórè tó kọjá sì ti lè tán lọ́jà tàbí kó wọ́n. Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó ń bá a fọ ìgò, ó ní kó rán òun létí tí wọ́n bá délé: kí wọ́n yọ kóńgò kan sọ́tọ̀ nínú àpò sóyà, kí wọ́n dì í pa, kí ẹnikẹ́ni má bù níbẹ̀.